Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Rẹ̀ Kọ́kọ́ Ṣiṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ní Ìfìwàwẹ̀dá

Ìwé 43 ni mo gbé relé lọ́jọ́ náà, ìtàn àròsọ tí mo ní kí àwọn ọmọ SS 1 kọ. Nígbà tí mo fi máa ka ìkẹẹ̀ẹ́dógún, obìnrin kan náà ni mo ń bá pàdé láti ìwé dé ìwé. Ó ga níwọ̀n, ó pupa fòò, eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ó sì níwà pẹ̀lẹ́. Nínú ìwé kan Bísí lorúkọ rẹ̀, nínú òmíràn Rúkà, ṣùgbọ́n òun náà ni. Ọkùnrin tó ń fìyà jẹ ẹ́ náà kò yàtọ̀: ó dúdú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó burú. Ẹ̀bi àwọn ọmọ náà kọ́. Èmi ni mo kọ ogún ọ̀rọ̀ àpèjúwe sójú pátákó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tí mo ní kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n. Ohun tí mo kó fún wọn ni wọ́n kó padà wá fún mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí ètò tí mo fi ń kọ́ wọn ní ìfìwàwẹ̀dá po, ìyẹn bí òǹkọ̀wé ṣe ń fún ẹ̀dá ìtàn, èèyàn inú ìtàn, ní ìwà tirẹ̀. N kì í fi ìrísí bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ohun tí ọwọ́ ẹ̀dá ìtàn ń ṣe la fi ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ á tẹ̀ lé e, ìrísí rẹ̀ á wá dé kẹ́yìn. Bí mo ṣe ń ṣe é ní Ẹ̀pẹ́ níbí nìyí, láti JSS 3 dé SS 2. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló máa ń gbà mí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gba ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ wọn

Ẹ kọ wọ́n sí igun pátákó, kí ẹ fa ìlà yí wọn ká: rẹwà, ga, kúrú, pupa, dúdú, burú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wọ́n júwe ẹ̀dá ìtàn. Wọn á ráhùn. "Mà, báwo la ṣe máa wá sọ bó ṣe rí?" Ẹ má tíì dá wọn lóhùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń là.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń gba "pupa" àti "dúdú". Ó ti mọ́ àwọn ọmọ lára pé ẹni rere ló máa ń pupa, ìkà ló máa ń dúdú. Ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ dúdú á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ní fura. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní gbangba, ẹ má fò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó wọn lọ Ọjà Olúwo

Àwa tá a wà ní Ẹ̀pẹ́ kò ní àwáwí lórí èyí. Ẹja tútù tó ti inú ọ̀sà wá ń bẹ ní Olúwo, àrọ̀ tó ṣì ń jà nínú báfù, akàn tí wọ́n fokùn dì lẹ́sẹ̀, ẹran ìgbẹ́ lápá kan. Àwọn obìnrin tó ń bá oníbàárà họ ìpẹ́ ẹja jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ wọn. Àwọn èèyàn ń wá láti Èkó, láti Ìjẹ̀bú, wọ́n ń ná ọjà, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún èènì. Kò sí ìwé tó lè kó ìwà èèyàn jọ tó bẹ́ẹ̀ síwájú ọmọ ilé-ìwé láàárín wákàtí kan.

Ẹ gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ kọ lẹ́tà sáwọn òbí. Ẹ lọ kí àwọn àgbà ọjà ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n má baà rò pé owó orí lẹ wá gbà. Ẹ pín àwọn ọmọ sí márùn-ún márùn-ún. Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n ní "Ẹ kú ọjà o, Mà, ajé á wọgbá," kí wọ́n tó dúró síbi kankan. Wọn kò gbọ́dọ̀ mú fóònù dání. Ẹni tó ń ya fọ́tò kì í wo nǹkan, fóònù ló ń bá a wò ó.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èèyàn kan ṣoṣo, kó sì wo ọwọ́ ẹni náà fún ìṣẹ́jú 15. Ọwọ́ ni mo wí. Ojú lè purọ́, ẹnu lè purọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan láti ogún ọdún kò ráyè irọ́. Kìkì ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ ni kí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí ọmọ kan bá kọ "inú ń bí i," ẹ bi í pé kí ló rí tó fi mọ̀. Ó lè ní, "Ó ju ẹja náà sínú igbá, kò gbé e." Ó yá, kó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kó kọ èyí.

Ọmọbìnrin kan mú èyí wá fún mi nígbà kan:

"Ó fi ọwọ́ òsì di orí ẹja mú. Ọ̀bẹ rẹ̀ ti jẹ títí ó fi tín-ínrín. Kò wo ẹja tó ń họ, àwọn tó ń kọjá ló ń wò. Nígbà tó họ ọ́ tán, ó gbọn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó kó ẹyin ẹja sínú ọ̀rá kékeré kan, ó tì í sábẹ́ àpótí tó jókòó lé."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa bóyá obìnrin náà rẹwà. Nígbà tí mo kà á sókè, kíláàsì pa rọ́rọ́, ọmọkùnrin kan lẹ́yìn wá béèrè pé, "Mà, ta ló ń kó ẹyin ẹja yẹn lọ fún?" Mo ní kí gbogbo wọn kọ ìbéèrè náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn ti máa ń yọjú.

Bí ẹ ò bá lè dé ọjà, kí wọ́n dúró níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń kérò, tàbí kí wọ́n wo màmá àgbà wọn bó ṣe ń já ewédú. Ìlànà kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pò wọ́n pọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Mo fò ó lọ́dún kan nítorí pé àsìkò ìdánwò ti sún mọ́lé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ nípa obìnrin àdúgbò wọn, bó ṣe ń tiro, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kẹ́rù kúrò nílé, ohun tí wọ́n sọ síra wọn lóru. Ó kọ ọ́ dáadáa, mo sì ní kó dìde kà á. N kò mọ̀ pé ọmọ inú ilé náà wà ní ìjókòó kẹta. Ọmọ náà dorí kọ tábìlì, kò gbé e sókè títí agogo fi lù. Èmi àti ẹni tó kọ ọ́ la jọ lọ bẹ ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, òfin kíláàsì wa ni pé ẹ̀dá ìtàn kan gbọ́dọ̀ ti ara èèyàn mẹ́ta wá, ó kéré tán. Ọwọ́ lára ẹnìkan, ìrìn lára ẹlòmíràn, ohùn lára ẹnìkẹta. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá fi ohun kan kún un láti inú ara tirẹ̀, ẹ̀rù kan tàbí ìfẹ́ kan tí òun náà mọ̀. Èyí tó ti inú ara rẹ̀ wá yìí ló máa ń mí sínú èyí tó kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ẹyọ kan

Níbi orúkọ, àwa Yorùbá lọ́rọ̀ púpọ̀, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé a kì í lò ó tó. Ẹ̀dá ìtàn tó ń jẹ́ "Ṣadé" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ṣadé, kò tíì ní ẹbí, kò tíì ní ọjà, kò tíì ní ọ̀tá.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀dá ìtàn kan tí èmi àti kíláàsì mi jọ ṣẹ̀dá, ẹni tó ń họ ìpẹ́ ẹja. Ṣìfáwù ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀, ìyá rẹ̀ nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀, àfi ọkọ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ yáwó. Ní àdúgbò, Ìyá Bàsírà ni. Lọ́jà, Mànàmáná ni wọ́n ń pè é nítorí bí ọ̀bẹ rẹ̀ ṣe ń yára. Oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n rí á ní "Àlájà," kó lè dín owó kù, inú rẹ̀ á sì dùn díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì dé Mẹ́kà.

Ẹ rí i pé a ò tíì ṣe nǹkan kan ju orúkọ lọ, a sì ti mọ ohun tó ń wù ú, ẹni tó ń tàn án jẹ, àti ibi tó ti níyì. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ márùn-ún sílẹ̀ fún ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀, kó kọ ẹni tó ń pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n ronú sí orúkọ àmútọ̀runwá pẹ̀lú: Òjó, Àìná, Ìgè, Dàda, Ìdòwú, Àlàbá. Ìdòwú ti ní ìtàn lọ́rùn kó tó la ẹnu, nítorí gbogbo èèyàn ló ti gbà pé ọmọ tó tẹ̀ lé ìbejì gbọ́dọ̀ lágídí. Kí ni Ìdòwú tó bá jẹ́ onítìjú máa wá ṣe?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìbéèrè mẹ́ta

Kí ló ń fẹ́? Kí ni kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀? Ojú ta ló ń tì í?

Ṣìfáwù ń fẹ́ ìsọ̀ tirẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa họ ẹja ẹlẹ́ja. Ohun tí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ ni pé kò lè kàwé. Nísinsìnyí tí gbogbo oníbàárà ń fi tíráńsífà sanwó, Bàsírà, ọmọ rẹ̀, ló ń bá a ka alẹ́ẹ̀tì tó bá wọlé. Bí ọmọ náà kò bá sí nítòsí, á ní ojú ń dun òun, tàbí kó ní iná fóònù òun ti lọ sílẹ̀. Ojú Bàsírà gan-an ló sì ń tì í, nítorí ọmọ náà ti ń dàgbà, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó bá ń kà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yára dáhùn ìbéèrè kìíní: owó, ọkọ, ìwé àṣẹ ìrìnnà. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. "Ó ń fẹ́ owó" kò tíì tó. Èló? Fún kí ni? Títí ọjọ́ wo? Ẹni tó ń wá owó láti ra ẹ̀rọ amúnǹkan-tutù kó lè máa ta ẹja tirẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá owó kó lè sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ máa bi wọ́n títí ìdáhùn náà á fi kéré, tí á fi ṣeé dì mú lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tì í

Ìwà kò hàn níbi tí ayé ti rọrùn. Bí ìtàn bá dé ibi tí ẹ̀dá ìtàn jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ohun tí á tì í.

Ti Ṣìfáwù rèé. Bàsírà lọ ṣe ìdánwò. Oníṣòwò tí Ṣìfáwù ń bá họ ẹja ní kó bá òun jókòó ti ìsọ̀ fún wákàtí kan, ohun tó ti ń retí láti ọdún pípẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra àrọ̀ ńlá mẹ́rin, ó tẹ fóònù, ó na alẹ́ẹ̀tì sí i lójú: "Ó ti wọlé, Mà, ẹ wò ó." Mo máa ń dúró síbí, mo sì máa ń bi kíláàsì pé kí ló máa ṣe.

Apá kan á ní kó jẹ́ kí ó lọ. Apá kan á ní kó di aṣọ ọmọkùnrin náà mú, kó pariwo olè. Apá kẹta á ní kó pe obìnrin ìsọ̀ kejì, kó ní "Ẹ bá mi kà á." Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ohun tí mo ń fẹ́ kí wọ́n rí ni pé ìpinnu mẹ́ta yìí kì í ṣe ti obìnrin kan náà. Èyí tó jẹ́ kó lọ fẹ́ràn iyì rẹ̀ ju ìsọ̀ náà lọ. Èyí tó pariwo máa ń fi ariwo bo ẹ̀rù. Ẹni tó ní "Ẹ bá mi kà á" ti fi àṣírí rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọjà, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan, kó sì kọ ọ́ láìlo ọ̀rọ̀ bíi "onígbéraga" tàbí "ojo."

Ibí yìí náà ni ìyípadà ìwà ti ń bẹ̀rẹ̀. "Láti ọjọ́ náà ló ti di èèyàn rere" ni gbólóhùn tí mo ń bá jà jù lọ. Kò sẹ́ni tó ń yí padà báyẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìran mẹ́ta: kí wọ́n tó tì í, ìgbà tí wọ́n tì í, lẹ́yìn tí wọ́n tì í. Kí nǹkan kan náà wà nínú ìran kìíní àti ìkẹta, kí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe é lọ́nà mìíràn. Nínú ìran kìíní, Ṣìfáwù da ojú fóònù dé, ó fi sábẹ́ itan. Nínú ìkẹta, ó gbé e lé ọwọ́ Bàsírà, ó ní, "Má kà á fún mi. Fi èyí tó ń jẹ́ ẹgbẹ̀rún hàn mí." Ó tó bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣàlàyé rẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹnu rẹ̀

Ohun tí èdè wa ní tí ọ̀pọ̀ èdè kò ní ni "ẹ" àti "o." Ẹ lò ó dáadáa. Ọkọ tó ń pe ìyàwó rẹ̀ ní "ẹ" níwájú àlejò tó sì ń pè é ní "ìwọ" nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì, ó ti sọ irú ẹni tó jẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó ti ń sọ "ẹ" fún ọ̀gá rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, tó wá sọ pé "O ò sanwó mi" ní ojú ìwé kẹwàá: ìtàn ti dà wó nìyẹn, kò nílò pé ká sọ pé inú bí i. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n tọ́jú ìyípadà yìí fún ibi tó máa dùn wọ́n jù lọ.

Ìlú wa tún ní Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ahọ́n wọn kò sì dún bákan náà. Bí màmá àgbà inú ìtàn bá jẹ́ Ìjẹ̀bú, kó sọ Ìjẹ̀bú. Òǹròyìn, ẹni tó ń sọ ìtàn náà, lè máa lo Yorùbá ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kí màmá sọ tirẹ̀. Àwọn ọmọ kan máa ń tijú èyí, wọ́n rò pé mo máa gé máàkì wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò ní gé e, kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ìdánwò kékeré wà fún ìsọ̀rọ̀gbèsì: ẹ ní kí wọ́n yọ gbogbo orúkọ àti "ó ní" kúrò, kí wọ́n fi ìwé náà fún ẹlòmíràn. Bí ẹni náà bá ṣì mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó yege.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ dá ọ̀rọ̀ wọn padà fún wọn

Ọ̀sẹ̀ méjì ti pé. Wọ́n lè lo "ga" àti "dúdú" báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ohun tó dára jù wọ́n lọ. Ẹ ṣí àpótí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé sílẹ̀: ó ń yan fanda, ó ń rìn tìkọ̀tìkọ̀, ó ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ohùn ṣe ń ya àwòrán: róbótó kéré, rọ̀bọ̀tọ̀ tóbi. Kí wọ́n pè é sókè, kí wọ́n fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ọ̀kan fún ẹ̀dá ìtàn kan ti tó. Bó bá di mẹ́rin nínú gbólóhùn kan, wọ́n á máa pa ara wọn.

Ti ẹni ibi

Ìwà jọ oníwà lójú. Ìkà inú ìtàn kò mọ ara rẹ̀ ní ìkà. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà láti ọwọ́ ẹni ibi náà, kó máa rojọ́ ara rẹ̀ fún ẹnìkan tó fẹ́ràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú alẹ́ẹ̀tì ayédèrú wá lè máa kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní ilé ìwòsàn. Lẹ́tà yìí kò ní sọ ọ́ di olóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tún ní pọ́n lásán mọ́.

Lẹ́tà lágbára ju bí àwọn ọmọ ṣe rò lọ. Ní 1929, Isaac B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láyé lóòótọ́. Mo máa ń sọ èyí fún kíláàsì, kí wọ́n mọ ibi tí ìfìwàwẹ̀dá lè dé.

Máàkì

Ẹ má fi yíǹkì pupa bo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá kà á, ẹ fa ìlà sábẹ́ ibi kan ṣoṣo tí ẹ ti rí èèyàn, kí ẹ kọ "mo rí i" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ibẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè kan. Ẹ dá a padà kí wọ́n tún un kọ. Àmì ohùn àti sípẹ́lì, ẹ̀ẹ̀kejì la ń wò wọ́n.

Fún àwọn SS 2

Àwọn tó ti gbówọ́ nínú rẹ̀, mo máa ń gbé wọn padà sí 1851, ọdún tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, tí ọba náà sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ọmọ ìlú yìí ló ti jó níbi ọdún Káyòkáyò, wọ́n mọ̀ pé ìrántí dídé yẹn ni. Wọn kò gbọ́dọ̀ kọ nípa ọba. Kí wọ́n kọ nípa ẹnìkan tí ìwé ìtàn kò dárúkọ, ẹni tó ń tu àjẹ̀, tàbí obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní 1862 Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá kò padà mọ́, nítorí náà ọdún mọ́kànlá wà fún ẹ̀dá ìtàn náà láti yí padà. Ìbéèrè tí mo máa ń kọ sójú pátákó kò ju èyí lọ: nígbà tó ń wọ ọkọ̀, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?